Nínú obìnrin 100, mélòó ni wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn? Ẹ bá mi pín in sí ọjọ́ orí

Onírédíò kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ìlera obìnrin. Ètò orí rédíò kan ń bọ̀ lórí yíyọ ilé ọmọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, àwọn olùgbọ́ yóò sì máa pe wọlé. Nọ́ńbà ni mo ń wá, èyí tí mo lè kà jáde láìsí pé dókítà kan á pe wọlé láti já mi nírọ́.

Àwọn tí mo rí kò bára wọn mu rárá. Ibì kan sọ pé obìnrin 1 nínú 3. Ibòmíràn sọ pé 15 nínú 100. Ìwé kan láti Íńdíà sọ pé 3 nínú 100 péré. Ta ló ń parọ́ nínú wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ orí wo ni ó wọ́pọ̀ jù? Kí ló ń fà á tí wọ́n fi ń yọ ọ́ fún ọmọ ọdún 25? Tiwa ní Nàìjíríà ńkọ́? Àwọn ìyálọ́jà kan tún ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn, mo sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti ṣe é fún wọn rí. Báwo ni ó ṣe yẹ kí n gbé ìbéèrè náà kalẹ̀?

Oníṣirò_Ìlera dáhùn:

Kò sẹ́ni tó parọ́. Ohun tí kálukú wọn kà ló yàtọ̀.

Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń lọ̀ pọ̀ bí ata àti tòmátì. Ọ̀kan ni pé, nínú àwọn obìnrin tó wà láyé lónìí, mélòó ni kò ní ilé ọmọ mọ́? Èkejì ni pé, láàárín ọdún kan ṣoṣo, mélòó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tiwọn? Ti àkọ́kọ́ máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni, torí ilé ọmọ tí wọ́n bá ti yọ kì í hù padà. Ti èkejì máa ń gun òkè títí dé ibì kan, lẹ́yìn náà á wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ìjọba wọn máa ń bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè yìí tààrà nínú ìwádìí ìlera ará ìlú. Ohun tí ti ọdún 2021 gbé jáde rèé. Láàárín àwọn ọlọ́dún 18 sí 44, wọn kò tó 3 nínú 100. Láàárín àwọn ọlọ́dún 45 sí 64, wọ́n tó 22. Ọlọ́dún 65 sí 74, 35. Àwọn tó ti pé 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 42. Bí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀ láti ọdún 18 lọ sókè, á jẹ́ bíi 15 nínú 100. Ibẹ̀ ni "15" yín ti wá. "1 nínú 3" jẹ́ ti àwọn tó ti lé ní 60. "3 nínú 100" ti Íńdíà sì jẹ́ ti àwọn ọlọ́dún 15 sí 49 nìkan. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni tó ti pé 50 rárá.

Ibi tí ẹni tó ń ka nọ́ńbà yìí lórí rédíò ti máa ń ṣìnà ni pé á rí 42 yẹn, á wá sọ pé àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń yọ ilé ọmọ fún jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó pé 75 ní 2021 ti yọ tiwọn láti ọdún gbọọrọ. Bí a bá wo ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gun orí tábìlì iṣẹ́ abẹ, láàárín 40 sí 49 ni òkè rẹ̀ wà. Jámánì bi àwọn obìnrin wọn láàárín 2008 sí 2011: nínú àwọn ọlọ́dún 18 sí 79, 17.5 nínú 100 ni wọ́n ti yọ tiwọn, bíi ìdajì wọn ló sì jẹ́ pé ọdún 40 sí 49 ni wọ́n wà nígbà náà.

Ẹ wo bí nọ́ńbà kékeré ṣe ń di ńlá. Ká ní lọ́dọọdún, obìnrin 8 nínú 1,000 ni wọ́n ń ṣe é fún láàárín ọdún 40 sí 49. Létí, 8 nínú 1,000 kò jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọdún mẹ́wàá náà bá parí, ó ti súnmọ́ 8 nínú 100 tí kò ní ilé ọmọ mọ́, láti inú ọdún mẹ́wàá yẹn nìkan.

Ọ̀rọ̀ ìran tún wà níbẹ̀. Ẹni tó pé 75 ní 2021, ọdún 1946 ni wọ́n bí i tàbí kó tó dìgbà náà. Nígbà tó fi wà ní ogójì ọdún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń ya bí omi, oògùn tí wọ́n lè fún un kò pọ̀. Lúùpù olóògùn tí wọ́n ń pè ní Mirena, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó sì ń dín ẹ̀jẹ̀ oṣù kù, ìparí ọdún 2000 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ọlọ́dún 30 tó ń gbọ́ yín pé bó bá dàgbà, 42 nínú 100 àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa yọ tiwọn. Ti ìran ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀kan tó kù: ní 2002, iye tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà lé ní 681,000. Nígbà tó fi di 2010, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 433,600. Ìdínkù wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó sùn sí ilé ìwòsàn nìkan ni ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ń kà. Àsìkò kan náà ni iṣẹ́ abẹ oníhò kéékèèké, tí èèyàn lè ṣe kó padà sílé lọ́jọ́ náà, ń gbòòrò. Àwọn yẹn kò sí nínú ìwé náà. Bí ẹ bá fẹ́ ka 433,600 yẹn, ẹ fi gbólóhùn "àwọn tó sùn sí ilé ìwòsàn" tì í.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò ti sọ ti nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdí rẹ̀, torí ìdí tó ń gbé ọlọ́dún 25 wọ tíátà yàtọ̀ sí ti ọlọ́dún 45, ti ọlọ́dún 70 sì tún yàtọ̀.

Ọlọ́dún 25, ìbímọ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dúró lẹ́yìn ìbímọ, ilé ọmọ tó fàya níbi ìrọbí tó pẹ́ jù, tàbí ibi ọmọ tó ta gbòǹgbò wọnú ẹran ilé ọmọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sábà máa ń wà níbi àpá CS àtijọ́. Bí CS bá ṣe ń pọ̀ sí i lára obìnrin kan ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní Bìrìtìkó, iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì yìí jẹ́ bíi 4 nínú ìbímọ 10,000. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tiwa ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé ẹni tó ti rọbí ọjọ́ méjì níbòmíràn wá.

Kí ó tó dé orí yíyọ, àwọn ìgbésẹ̀ kan wà. Wọ́n á ra ilé ọmọ láti òkè ikùn kí ó lè sún kì. Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì: oxytocin, bí kò bá gbọ́, misoprostol. Wọ́n á fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, gíráàmù 1 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí wákàtí 3 lẹ́yìn ìbímọ tó pé. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi ọmọ kù sínú, bóyá ojú ara ló fàya. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń dà, wọ́n á ki bàlúùnù sínú ilé ọmọ. Níbi tí kò bá ti sí bàlúùnù tí wọ́n ṣe fún un, kọ́ńdọ̀mù tí wọ́n so mọ́ rọ́bà ìtọ̀ ń ṣiṣẹ́ náà: wọ́n á rọ omi dírípù bíi mílílítà 250 sí 500 sínú rẹ̀, wọ́n á di í lẹ́nu, á sì máa tẹ ògiri ilé ọmọ láti inú. Bí ikùn bá ti ṣí sílẹ̀, wọ́n lè fi okùn ìránṣọ gbá ilé ọmọ mú láti iwájú gba orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, bí okùn tí èèyàn fi ń gbé ṣòkòtò kọ́ èjìká. Dókítà Christopher B-Lynch, ọmọ Sierra Leone tó ń ṣiṣẹ́ ní Bìrìtìkó, ló gbé ìrán yẹn jáde nínú ìwé ní 1997. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, tàbí tí ilé ọmọ ti fàya kọjá rírán, ẹ̀mí ìyá ló kàn.

Nínú pàjáwìrì, wọ́n sábà máa ń fi ọrùn ilé ọmọ sílẹ̀, torí yíyọ apá òkè nìkan máa ń yá, ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù á sì dín kù. Obìnrin náà kì í sábà mọ̀ pé ọrùn kù, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Ẹ má ṣe sọ lórí rédíò pé tranexamic acid ń gba ilé ọmọ sílẹ̀ o. Ìwádìí WOMAN, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, lo obìnrin bíi 20,000 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Oògùn náà dín ikú tí ẹ̀jẹ̀ dídà ń fà kù. Kò dín iye ilé ọmọ tí wọ́n yọ kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà ti pinnu láti yọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ náà tó wọlé.

Láti ọdún 35 sí nǹkan bíi 50, fáíbírọ́ìdì, kókó tó ń hù lára ilé ọmọ, ló wọ́pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ oṣù tó pọ̀ jù tàbí ìrora tí ara ilé ọmọ tó wú ń fà. Kò sí ìdí láti sáré níbí. Obìnrin tó wá pẹ̀lú PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara) 20, a kì í gbé e wọ tíátà bẹ́ẹ̀ bí kò bá ṣe dandan. A ó kọ́kọ́ dá ẹ̀jẹ̀ oṣù náà dúró, a ó fún un ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí PCV á fi dé 30. Bí fáíbírọ́ìdì bá ti tóbi tó oyún oṣù márùn-ún, dókítà lè fún un ní abẹ́rẹ́ olóṣooṣù tó ń sé nǹkan oṣù fún oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ilé ọmọ á sún kì, ojú abẹ á kéré, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára á dín kù.

Nínú iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀, ibi tí ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ rọra jù ni ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti wọ ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ. Ọ̀pá tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀ gba abẹ́ iṣan yẹn kọjá, kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sí ọrùn ilé ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, tí ẹni tó ń ṣe é bá wá ń fi irin há nǹkan láìríran dáadáa, ó lè há ọ̀pá ìtọ̀ mọ́ ọn. Ìrora ẹ̀gbẹ́, ibà, tàbí ìtọ̀ tó ń jò láti ojú ara lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ló máa ń fi í hàn. Ẹni tó bá rí i kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Láti ọdún 60 lọ sókè, iye tuntun kéré, ìdí rẹ̀ sì yí padà: ilé ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ara, àti jẹjẹrẹ. Ti ilé ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀, láti ojú ara ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ ọ́, kò ní àpá lórí ikùn. Bí ẹ bá ń ṣèwádìí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Onírédíò kọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ti wọlé kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá: ṣé bí wọ́n bá yọ ilé ọmọ, nǹkan oṣù ti lọ pátápátá nìyẹn, obìnrin ti di arúgbó?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà dáhùn:

Nǹkan oṣù á dúró. Ti "arúgbó" yẹn, àpò ẹyin ló ń pinnu rẹ̀. Bí wọ́n bá fi àpò ẹyin méjèèjì sílẹ̀, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ, kìkì pé wọ́n lè dáwọ́ dúró ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà tí wọn ì bá dúró. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì fún ọlọ́dún 38, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í dédé bò ó, oorun á dàrú, egungun àti ọkàn rẹ̀ náà á pàdánù ààbò kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí kò bá ní jẹjẹrẹ tó lòdì sí i, ó yẹ kí dókítà bá a sọ̀rọ̀ nípa oògùn estrogen títí dé nǹkan bíi ọdún 51. Ẹni tí kò ní ilé ọmọ mọ́ kò nílò oògùn kejì (progestogen) tí wọ́n máa ń fi tì í láti dáàbò bo ara inú ilé ọmọ. Àfi ẹni tí wọ́n fi ọrùn sílẹ̀ fún, ara inú ilé ọmọ lè ṣì kù díẹ̀ níbẹ̀, kó béèrè.

Ẹni tí ó ti lé ní 50, tí àpò ẹyin rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé: "Ṣé ẹ máa yọ àpò ẹyin mi náà? Kí ni ìdí?" Ìbéèrè yẹn kò bí dókítà gidi nínú.

ỌmọÈkìtì_Houston dáhùn:

Mo fẹ́ fi ti àwa dúdú ní Amẹ́ríkà kún un, torí àwọn olùgbọ́ yín ní ọmọ níbí. Obìnrin dúdú níbí ń ní fáíbírọ́ìdì ní kékeré ju àwọn funfun lọ, ó sì máa ń pọ̀ nínú wọn. Ìwádìí kan tí wọ́n fi skáànù ṣe, tó jáde ní 2003, rí i pé nígbà tí wọ́n bá fi máa pé 50, ó lé ní 80 nínú 100 obìnrin dúdú tó ti ní in, ti funfun sì jẹ́ bíi 70. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu o. Àmọ́ ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ilé ọmọ fún obìnrin dúdú jù, tó sì jẹ́ pé ikùn líla ni wọ́n fi ń ṣe é fún wọn jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn oníṣirò máa tẹnu mọ́ nìyí. Bí wọ́n bá ń ka iye jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, wọ́n á fi gbogbo obìnrin pín in, títí kan àwọn tí kò ní ọrùn ilé ọmọ mọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kò lè ní jẹjẹrẹ rẹ̀. Ká ní obìnrin 100,000 wà ní ìlú kan, gbogbo wọn ti lé ní 65, 12 nínú wọn ní jẹjẹrẹ náà lọ́dún. Wọ́n á kọ ọ́ pé 12 nínú 100,000. Ṣùgbọ́n bí 40,000 nínú wọn bá ti yọ ilé ọmọ tọrùntọrùn, àárín 60,000 ni 12 yẹn ti wá. Nọ́ńbà gidi jẹ́ 20.

Ní 2014 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde níbí tó ṣe ìṣirò yẹn fún àwọn obìnrin láti ọdún 20 lọ sókè. Kí wọ́n tó tún un ṣe, 11.7 nínú 100,000. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ àwọn tí kò ní ilé ọmọ kúrò, 18.6. Òkè rẹ̀ wá bọ́ sí ọdún 65 sí 69, ti obìnrin dúdú ní ọjọ́ orí yẹn sì jẹ́ 53. Ẹ wá rántí pé ọdún 65 ni wọ́n ń sọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin pé kí wọ́n dáwọ́ àyẹ̀wò dúró, bí èsì tẹ́lẹ̀ bá dára. Àwọn tí kò ṣe àyẹ̀wò déédéé rí kò sí lára àwọn tí wọ́n ń sọ fún, ṣùgbọ́n àwọn náà máa ń gbọ́ ọ, wọ́n á sì jókòó sílé.

Alábòójútó_Ìwádìí dáhùn:

Mo fẹ́ dáhùn ti Íńdíà, ti Nàìjíríà, àti ti bí ẹ ṣe máa béèrè.

Íńdíà. Ìwádìí ìdílé wọn ti 2015 sí 2016 ni ó kọ́kọ́ bi àwọn obìnrin káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní kíkún. 3.2 nínú 100 láàárín ọdún 15 sí 49; ti 2019 sí 2021, 3.3. Nọ́ńbà náà kéré, àmọ́ ẹ tú u wò. Láàárín ọlọ́dún 30 sí 39, 3.6. Láàárín 40 sí 49, 9.2. Ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe é fún kò tíì kọjá ọdún 34 nígbà tí wọ́n ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, ó súnmọ́ 9 nínú 100 gbogbo obìnrin ọlọ́dún 15 sí 49, bíi ìlọ́po mẹ́ta ti orílẹ̀-èdè náà lápapọ̀. Bíi méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé ilé ìwòsàn aládàáni ni wọ́n ti ṣe é. Ó lé ní ìdajì wọn tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ oṣù tó pọ̀ tàbí ìrora ló gbé àwọn débẹ̀, èyí tí oògùn ì bá kọ́kọ́ gbà wò.

Ibi tó le jù ni àgbègbè Beed ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, láàárín àwọn obìnrin tó ń gé ìrèké. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé kalẹ̀ ní 2019 rí i pé nínú 82,309 wọn, 13,861 ni wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn, bíi 17 nínú 100. Tọkọtaya ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ń gbà pa pọ̀, owó á ti wà nílẹ̀ ṣáájú, ọjọ́ tí ọ̀kan kò bá wá sóko, wọ́n á bu owó ìtanràn lé wọn. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóko, kò sí omi, nǹkan oṣù àti àìsàn ojú ara wá di ohun tí ń pa owó lára. Ní 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ibẹ̀ pàṣẹ fún àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n tẹ̀ lé ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ ti kọ lórí iṣẹ́ abẹ yìí. Nítorí náà, bí nọ́ńbà gbogbo orílẹ̀-èdè bá kéré, ẹ ṣì béèrè ibi tí ó kó jọ sí.

Nàìjíríà. Ìwádìí ìdílé tó tóbi jù tí a ní ni NDHS, ọlọ́dún 15 sí 49 ni òun náà ń bi. Nínú rẹ̀, bí wọ́n bá bi obìnrin pé ìgbà wo ni nǹkan oṣù rẹ̀ wá kẹ́yìn, àpótí ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá àti ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n da àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé nọ́ńbà gbogbo Nàìjíríà wá fún yín pé láti inú NDHS ni òun ti mú un, ẹ bi í bó ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti ilé ìwòsàn ni a ní jù, ìyẹn sì ń sọ bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Kò lè sọ iye obìnrin nígboro. Ohun tó hàn kedere nínú iṣẹ́ ni pé obìnrin wa máa ń fẹ́ kí wọ́n yọ fáíbírọ́ìdì nìkan, kí wọ́n fi ilé ọmọ sílẹ̀, àní ẹni tó ti bímọ tán. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá tún ayé wá, àwọn ò ní ní ilé ọmọ. Dókítà tó bá fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, aláìsàn á lọ kò ní padà.

Wàyí o, bí ẹ ṣe máa béèrè. Ẹ má béèrè ní gbangba ìpàdé, kò sẹ́ni tó máa nawọ́. Ẹ fún wọn ní bébà kékeré tí kò ní orúkọ, kí ẹnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tó máa bá àwọn tí kò lè kọ̀wé kọ ọ́.

Má kàn béèrè pé "Ṣé wọ́n ti yọ ilé ọmọ yín?" Ẹni tí wọ́n yọ fáíbírọ́ìdì fún lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n fọ ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́ náà lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n so ọ̀nà ẹyin rẹ̀ kó má bàa bímọ mọ́ náà sì lè sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ojú ara yín rí?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni: "Kí ni wọ́n sọ pé àwọn yọ?" Lẹ́yìn náà: "Lẹ́yìn tí ara yín yá tán, ṣé nǹkan oṣù tún wá lóṣooṣù bí tẹ́lẹ̀?" Ẹni tó ń rí i bí tẹ́lẹ̀ ṣì ní ilé ọmọ. Ẹni tó ń rí ìwọ̀nba díẹ̀ tó kàn ń kán, ẹ fi àmì sí i, ó lè jẹ́ pé ọrùn ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà náà ṣòro fún ọ̀pọ̀ láti rántí. Ẹ má sọ pé kí wọ́n dárúkọ ọdún. Ẹ so ó mọ́ nǹkan: ṣé kí àbíkẹ́yìn tó wọ ilé ìwé ni, ṣé ṣáájú ìbò June 12 ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Bí èsì bá dé, ẹ pín in sí ọjọ́ orí lónìí àti ọjọ́ orí nígbà iṣẹ́ abẹ, ìlà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí obìnrin 40 bá dáhùn, tí 2 sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má kéde pé 5 nínú 100 ìyálọ́jà ni wọ́n ti yọ tiwọn. Pẹ̀lú 40 péré, nọ́ńbà gidi lè wà níbikíbi láti bíi 1 dé 17 nínú 100. Ẹ sọ pé "2 nínú àwọn 40 tó dá wa lóhùn", kí ẹ dúró síbẹ̀.

Onírédíò kọ:

Ẹ kú làálàá. Ó ku ẹyọ kan. Màmá ọlọ́dún 52 ló fi ohùn ránṣẹ́: wọ́n ti yọ tiwọn láti ìgbà tí wọ́n wà ní 29, níbi ìbímọ. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan sọ pé kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Wọ́n ní ṣé ẹ̀tàn kọ́?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà dáhùn:

Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ibi tí mo ní mo máa padà sí nìyí. Níbi ìbímọ, ní ọdún 29, pàjáwìrì ni, ọrùn ilé ọmọ lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ọrùn sílẹ̀ fún gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò bí gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ fún nítorí fáíbírọ́ìdì tàbí ẹ̀jẹ̀, tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò fi àbùkù hàn rí, kò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti rí àmì jẹjẹrẹ tàbí èyí tó fẹ́ di jẹjẹrẹ lọ́rùn rẹ̀ ṣáájú, kó má dáwọ́ dúró láìbéèrè, kódà bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀.

Bí káàdì àtijọ́ bá ṣì wà, kí màmá gbé e dání. "TAH" túmọ̀ sí pé wọ́n yọ ilé ọmọ tọrùntọrùn. "Subtotal" túmọ̀ sí pé ọrùn kù. "BSO" tó bá tẹ̀ lé e, àpò ẹyin méjèèjì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí káàdì bá ti sọnù, kò ní ariwo nínú: nọ́ọ̀sì á fi irin tí wọ́n fi ń la ojú ara wò ó, á rí i lójú ẹsẹ̀ bóyá ọrùn wà tàbí kò sí. Bí kò bá sí, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì tuntun, kò sì ní sẹ́ni tó máa tún pè wọ́n fún un mọ́.